Ìlà Pupa Lórí Orúkọ Tìmí

Ilé Kẹrìnlá, Àgbàlá Kejì,
Alief, Houston,
Texas, Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Mosún, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ojú á tì mí, n kò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. Mo ti sẹ́ Tìmí. Mo jókòó níwájú ọ́fíísà ìjọba ilẹ̀ yìí, ó bi mí pé ta ni Tìmí jẹ́ sí mi, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ́fíísà náà mú bírò pupa, ó fa ìlà la orúkọ ọmọ náà já, ó ní kí n fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, tí kò sì rántí ohun tó gbàgbé.

Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ó yá, kú ilé o, Mosún. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tó ń dùn ọ́ nígbà ọyẹ́? Bàbá Tìmí ńkọ́? Ṣé o rí i pé Bàbá Tìmí náà ni mo ṣì ń pè wọ́n. Ṣé wọ́n ti ń gbádùn oorun wọn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ? Ṣé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ìkirè, àbí eruku ṣì wà lórí ewé? Páànù tí atẹ́gùn ká kúrò lórí ilé ìdáná rẹ lọ́dún tó kọjá, ṣé wọ́n ti tún un kàn?

Àwa níbí dúpẹ́. Òtútù ti ká kúrò nílẹ̀. Àsìkò tí igi ń da ìyẹ̀fun òdòdó sílẹ̀ ló kù. Bí mo bá jí láàárọ̀, gbogbo mọ́tò inú àgbàlá wa á ti pọ́n bíi pé ẹnì kan fi gààrí elépo wọ́n wọn. Imú mi ń yún mi, ojú mi ń ṣomi, ṣùgbọ́n ara le.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Mosún, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, níbi tí àwòrán ojú rẹ á ti dákú láàárín gbólóhùn, tí n kò ní mọ̀ bóyá inú ló ń bí ọ ni àbí netiwọ́ọ̀kì. Ìyáàfin Ọlọ́runyọmí ìjọ wa ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́bọ̀. Àwọn ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé ọwọ́ rẹ ni kí wọ́n fi lé, kí wọ́n má fún ọmọdé.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí Tèmítáyọ̀ ti mú mi wá síbí. Gíríìn káàdì tó gbà fún mi dára, ṣùgbọ́n okùn wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá wá sílé tí mo pẹ́ jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní pápákọ̀ òfuurufú pé kí ni mo ń wá lọ. Tèmítáyọ̀ wá ní kí n gba ìwé ọmọ ìlú. Ó ní bí mo bá ti gbà á, mo lè wá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ láti ìgbà tí wọ́n bá gbin àgbàdo títí yóò fi gbó, kí n tún dúró jẹ ti ọdún kejì. Ohun tó wọ̀ mí lára nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá.

Ìdánwò wà níbẹ̀ o. Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè nípa ìjọba wọn ni wọ́n fún mi lọ kà, mẹ́wàá péré ni ọ́fíísà máa bi ènìyàn níbẹ̀, bí o bá sì gba mẹ́fà, o yege. Èmi tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà láti ayé ìgbà wo. Àwọn méjèèjì tí mo bí kò ráyè kọ́ mi. Tèmítáyọ̀ wà ní ilé ìwòsàn níbi tó ti ń po oògùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú bí ó bá dé. Mo sọ fún un pé owó kì í tọ́jú ọmọ, kò gbọ́. Olúwatọ́mi wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Uptown, nínú ilé gíga tó jẹ́ dígí látòkè délẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, inú páálí ló ti ń jẹun ní gbogbo alẹ́ Ọlọ́run. Bí mo bá bi í nípa ìyàwó, á ní, "Màámi, ó ń bọ̀ lọ́nà." Láti ìgbà tó ti ń bọ̀ lọ́nà, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Ìkirè, ó yẹ kó ti dé.

Tìmí ló ráyè. Kì í ṣe pé kò níṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe náà kì í jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá gbé mi láti Alief lọ sí ilé Tèmítáyọ̀ ní Rosenberg, kí n lè se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Inú mọ́tò náà ló ti di tíṣà mi.

"Màámi, kí ni òfin tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí?"

"Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó dá ìjọba sílẹ̀. Ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aráàlú."

"Ẹ gba méjì nínú méjì. Ẹ̀bùn yín ni pé ẹ máa se ẹ̀gúsí fún tíṣà."

Mosún, bó o bá rí ojú ọ̀run ìlú yìí láti orí ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí òkè, kò sí igbó, ilẹ̀ kàn tẹ́ lọ ni. Bí mọ́tò bá ti ń sáré, ó máa ń ṣe mí bíi pé àwa kọ́ là ń lọ, bíi pé ilẹ̀ ni wọ́n ń fà lábẹ́ wa bí ẹní. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Tìmí ń kọ́ mi á wá máa fò lójú mi bí ìkúùkù. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìjọba sí: àwọn tó ń ṣòfin, Ààrẹ tó ń mú òfin ṣẹ, àti àwọn adájọ́. Mo ní ìyẹn ò le, ààrò mẹ́ta ni, ààrò mẹ́ta kì í sì í da ọbẹ̀ nù. Ó bi mí pé kí ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn lágbára jù. Mo ní bí ààrò kan bá ga ju àwọn yòókù, ìkòkò á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná fún ọ́fíísà o. Ẹ sọ pé ṣe ni wọ́n ń kó ara wọn níjàánu."

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Ìkéde Òmìnira wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀mí, òmìnira àti lílépa ayọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Mo bi Tìmí pé ṣé ìjọba á wá fún mi láyọ̀ ni. Ó ní rárá o, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ayọ̀, pé ohun tí wọ́n sọ ni pé bí mo bá ń lé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má dí mi lọ́nà. Mo wo ìta. Mo rí Olúwatọ́mi lọ́kàn mi, ó wọ ṣòkòtò ọ́fíìsì, ó ń sáré lé ayọ̀ kiri láàárín àwọn ilé dígí yẹn, pẹ̀lú páálí oúnjẹ lọ́wọ́.

Ní ibi iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, a máa ń tẹ́ wọn sórí ẹní kéékèèké, a ó sì pa iná. Àkókò yẹn ni mo máa ń mú ìwé mi jáde. Lọ́jọ́ kan mo ka ibi tí wọ́n ti sọ pé dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo ènìyàn. Mo gbójú sókè. Ọmọ Mẹ́síkò sùn ti ọmọ Íbò, ọmọ Fiẹtináàmù gbé ẹsẹ̀ lé ikùn ọmọ Yorùbá, ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò, kò sí ẹni tó ní gíríìn káàdì. Mo jókòó síbẹ̀, oorun fẹ́ gbé èmi náà lọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣíwájú Ìwé Òfin wọn, tó túmọ̀ sí "Àwa Ènìyàn", ń dún lórí mi. Kíláàsì wa ní Ìkirè ni mo bá ara mi, lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ní ká dìbò yan mọ́nítọ̀. Ṣé o rántí? Ìwọ àti èmi la jọ ń dù ú. O nawọ́ fún mi, mo nawọ́ fún ọ, ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló wọlé. O ní, "Bùkọ́lá, a gọ̀." Mo ní a ò gọ̀. Títí di òní n kò mọ ẹni tó jàre.

Fọ́ọ̀mù náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó nídìí tábìlì mi, mo ní n kò ní yọ ọmọ kankan lẹ́nu, èmi náà mọ̀wé. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọjọ́ ìbí. Mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Bí mo ṣe ń pè wọ́n jẹun ni mo ṣe kọ wọ́n, látorí ẹ̀gbọ́n: Tìmí, Tèmítáyọ̀, Olúwatọ́mi. N kò ronú rárá. Ta ló ń ronú kó tó mọ ìka tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣé o rántí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi? Ọmọ ọdún méjì lé díẹ̀, Tèmítáyọ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà. O bí àbúrò rẹ̀, àìsàn dè ọ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, a sì ní kí Tìmí wà lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́ta. Ó mú báàgì kan wá àti kọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ara rẹ yá, Ọlọ́run ṣeun, o wá mú un. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mi mú, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìwọ náà jókòó sílẹ̀, o ní, "Bùkọ́lá, jẹ́ kó dúró títí ọdún tuntun." Ó lo ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́dọ̀ mi. O kò sọ ọdún tuntun wo, èmi náà kò sì bi ọ́, torí ẹ̀rù ń bà mí pé o lè dáhùn.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta tí ọ́fíísà máa pè mí, a jẹun tán lọ́jọ́ ìsinmi ní Rosenberg, Tèmítáyọ̀ ń yẹ fáìlì mi wò.

Ó ní, "Màámi, ẹ wá. Nínú ìwé tí mo fi mú yín wá, ọmọ méjì ni mo kọ. Mẹ́ta lẹ kọ síbí."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo bí mi ni, tó o fi mọ iye ọmọ mi?"

"Bọ̀ọ̀dá Tìmí kì í ṣe ọmọ yín, Màámi. Ẹ ò bí wọn, ẹ ò lọ gba ìwé wọn ní kóòtù. Wọ́n á ní ẹ parọ́ fún ìjọba."

Olúwatọ́mi, tó nà gbọọrọ sórí àga, ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ga ju òfin. Ìbéèrè kejìlá nìyẹn, Màámi."

"Má fi ìbéèrè kejìlá bú mi. Ìgbà tó o ní ibà, ta ló ń gbé ọ lẹ́yìn lọ gba abẹ́rẹ́?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Bí Tìmí ṣe wọlé nìyẹn pẹ̀lú ọmọ Tèmítáyọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó bi wá pé kí la ń jà sí. Olúwatọ́mi ní, "Òfin ni." Tèmítáyọ̀ sì pa fáìlì mi dé.

Mosún, fọ́ọ̀mù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọ Tèmítáyọ̀ lẹ́nu ló bà mí lẹ́rù. "Kì í ṣe ọmọ yín." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé kò sí iyọ̀ nílé. Abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun, ẹní kan ni wọ́n ti sùn. Mo wá ń rò ó pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, wọ́n á gbé ìwé jáde, wọ́n á kà á pé ọmọ méjì ni, Tìmí á sì dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tó wá kí wọn kú ìdárò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò wọ́n, bí wọ́n ti ń fún ara wọn ní omi, bí wọ́n ti ń pe ara wọn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Tìmí gbàyè níbi iṣẹ́, ó gbé mi lọ. Ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró, èmi wọlé. Andrew lorúkọ ọ́fíísà náà, ọmọkùnrin gíga kan tó so táì aláwọ̀ ewé, kò lè ju Olúwatọ́mi lọ. Orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀ láti kí i kí n tó rántí pé ọmọdé ni. Ó ní kí n nawọ́ ọ̀tún sókè, kí n búra pé òótọ́ ni n ó sọ. Mo búra.

Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́fà, mo gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. N kò dáná fún un. Èyí tó ṣìkẹfà ni pé kí ló túmọ̀ sí pé òfin ló ń jọba. Mo ní ó túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin, àti olórí, àti ìjọba fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ga jù ú lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn mi ń padà wá sí mi létí, mo sì mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń bá wí.

Ó wá ṣí fọ́ọ̀mù. Ó ń ka ohun tí mo kọ, ó ń fi bírò pupa sàmì sí i. Ó ní, "Ọmọ mélòó lẹ ní?"

Mosún, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tó bí mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka kà wá rí. Mo wo tábìlì. Mo gbọ́ tí fáànù ń yí. Ó tún bi mí, kò kánjú.

Mo ní, "Méjì ni mo bí."

"Mẹ́ta ló wà níbí. Ta ni Tìmí Mákánjúọlá?"

Mo ní, "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni."

Ọdún márùndínlógójì, n kò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn rí, kódà fún olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé. Ó ní ṣé kóòtù ló fi í fún mi. Mo ní rárá, ìyá rẹ̀ ló ní kó dúró títí ọdún tuntun. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní kò burú, ìdí nìyí tí àwọn fi máa ń béèrè. Ó fa ìlà náà jẹ́jẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ti yege.

Bí mo ṣe jáde, Tìmí dìde pẹ̀lú omi inú ike lọ́wọ́. Ó rí omijé mi. "Wọ́n dá yín padà? Ẹ má wòyí, Màámi, wọ́n á tún pè yín."

Mo ní, "Mo yege."

"Kí wá lẹkún?"

Mo ní ayọ̀ ni. N kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ibi tí mo ti búra, mo ti parọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ ni mo fi gbé e sínú. Lánàá, tí í ṣe Sátidé, a tún ń lọ sí Rosenberg. Àwọn òdòdó búlúù tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbí lásìkò yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n tẹ́ lọ bí aró tó dànù sórí koríko, mo sì ń wò wọ́n títí n kò mọ̀ bóyá mo sùn ni àbí mo jí. Kọ́ọ̀pù búlúù yẹn ni mo rí nínú wọn.

Tìmí ní, "Màámi, ìdánwò ti tán, ẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni mo ṣe?"

Ohun tó tú mi lẹ́nu nìyẹn, pé ó rò pé òun ló ṣẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, látorí fọ́ọ̀mù dórí ìlà pupa. Ó ń wa mọ́tò lọ. Ibi tí a ti máa ń yà dé, kò yà. A kọjá rẹ̀, a kọjá èkejì. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti tán, mo ti pàdánù ọmọ ọlọ́mọ.

Ó wá ní, "Èmi náà ti ṣe é."

Mo ní, "Kí lo ṣe?"

"Fọ́ọ̀mù tèmi, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ tiyín tí mo pa á rẹ́. Mo kọ ti Mọ́mì Ìkirè." Ó ń wo ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ dé, tí mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ní pápákọ̀, tí n kò tètè dìde. Ẹ rò pé àárò yín ni. Àárò yín wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ojú ló ń tì mí láti wò yín."

Mosún, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ó pa òun náà. A rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan. Ó ní, "Ìbéèrè kejìlá ti pa àwa méjèèjì." Ó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé orí lé ọwọ́ mọ́tò, mo sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ìgbà tó ní ikọ́ ní kékeré.

A pẹ́ dé Rosenberg. Tèmítáyọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní níbo la gbà lọ. Tìmí ní, "Òfin ló dá wa dúró." Tèmítáyọ̀ sì ń yí mọ́tò ká, ó ń wá ibi tí ọlọ́pàá lẹ ìwé mọ́.

Mo wọ ilé ìdáná rẹ̀ láti gbé ìkòkò kaná. Bébà kan wà lára fíríìjì, ọwọ́ Tèmítáyọ̀ ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: Ọjọ́ ìbúra Màámi. Ìjókòó àwọn ọmọ. Bọ̀ọ̀dá Tìmí, èmi, Tọ́mi. Látorí ẹ̀gbọ́n ló ṣe kọ ọ́, bí mo ṣe kọ tèmi gẹ́lẹ́. N kò mọ ọjọ́ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. N kò sì bi í. Mo kọjú sí ìkòkò mi, mo ń ro ọbẹ̀ tí kò tíì hó.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ìbúra náà. Wọ́n ní màá sọ pé mo kọ gbogbo ọba àti ìjọba ilẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Mo bi Tìmí pé ṣé ọba wa ní Ìkirè náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí nínú ìbúra náà pé kí n má jẹ dòdò Ìkirè mọ́. Ó tún rán mi létí nǹkan kan tó ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣàtúnṣe sí Ìwé Òfin wọn níbí, wọn kì í nu ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. Wọ́n á kọ tuntun sí ìsàlẹ̀, èyí àtijọ́ á sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Ọ̀rọ̀ náà mú mi rántí pé orúkọ Tìmí ṣì hàn ketekete lábẹ́ ìlà pupa yẹn. Mo rí i dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó kù kì í ṣe ti Tìmí, kì í sì í ṣe ti ìjọba. Ó kù sí àárín èmi àti ìwọ. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni mo fi ṣẹ̀ ọ́, pé mo kọ ọmọ rẹ mọ́ tèmi, àbí pé mo yọ ọ́ kúrò. Nínú àwọn ọgọ́rùn-ún ìbéèrè yẹn, wọ́n kọ́ mi pé ọwọ́ aráàlú ni agbára ìjọba ti ń wá, pé bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ìjọba kò nídìí. Mo jọba lórí ọmọ rẹ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Mosún, n kò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé o fọwọ́ sí i.

Bá mi kí Bàbá Tìmí. Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti ń sanra díẹ̀, ẹ̀gúsí mi ni. Kí gbogbo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò ní kà wọ́n. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ṣẹ́kù, kí o sì sọ fún ọmọbìnrin tó gba mọ́nítọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ pé mo ti dárí jì í. Tèmítáyọ̀ àti Olúwatọ́mi ní kí n kí ọ. Tìmí ní kí n sọ pé òun dọ̀bálẹ̀, pé òun kò tíì dìde.

Jọ̀ọ́, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mú bírò. Fọwọ́ ara rẹ kọ èsì, kí ọmọ kan nílé ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí ọjọ́ ìbúra tó pé, kí o sì fún Ìyáàfin Ọlọ́runyọmí ní bébà náà gan-an mú bọ̀. Sọ ọdún tuntun tó o ní lọ́kàn lọ́jọ́ náà fún mi. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò tíì dé, kọ ìyẹn náà, kí o tètè kọ ọ́.

Èmi náà ni, ẹni tó dìbò fún ọ,

Olúbùkọ́lá Adélékè